Abẹ́rẹ́ Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Wọ Ara

Ẹni tí ó bá ti Òṣòdì gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí ìhà Àpápá yóò kan àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ lọ́nà. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, aṣọ ni òkìkí àgbègbè náà dá lé lórí. Afprint wà níbẹ̀, Aswani náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jẹun nídìí òwú. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ ìhunṣọ dákẹ́. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ó wá jogún orúkọ Aswani. Oògùn ni ó bá aṣọ pín ilẹ̀ náà. Emzor, tí Stella Okoli bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà oògùn ní Ṣómólú ní 1977, kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí Ìsọlọ̀, parasitamọ́ọ̀lù rẹ̀ sì di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní Plot 1 ní àgbègbè yìí kan náà ni ọ́fíìsì NAFDAC wà, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa yẹ oúnjẹ àti oògùn wò. Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì Ìsọlọ̀ ni àwọn tí ń kó oògùn wọlé láti òkè òkun mọ̀ dunjú.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Ìwé ni ó pọ̀ jù. Fáìlì oògùn kan ṣoṣo lè ga bí àpótí: ibi tí a ti pò ó, ohun tí a fi pò ó, bí a ṣe dán an wò, àrùn tí ó wà fún, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbọ́dọ̀ gbà wọ ara, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Lára àwọn tí ìwé wọn gba ìṣọ́ra jù ni àwọn abẹ́rẹ́ tí a fi ń wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni púpọ̀ jùlọ nínú wọn ti ń wá. Wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dá rà kí ó sì dá lò. Dókítà ni ó ń kọ wọ́n, apòògùn ni ó ń tú wọn pò, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó ń fi wọ́n sí ara aláìsàn. Májèlé ni wọ́n ní ti gidi. Ìwọ̀n àti ọ̀nà ni ó sọ wọ́n di oògùn. Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ìyẹn ibi tí oògùn ń gbà wọ ara, ni ìjíròrò yìí dá lé, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ṣòfò láìnídìí, ibẹ̀ náà sì ni èdè Yorùbá ti ní ohun kan láti sọ.

Orúkọ àrùn náà fúnra rẹ̀ gba àlàyé. Jẹjẹrẹ tí àwọn àgbà mọ̀ ni egbò tí ń jẹ ẹran ara wọlé díẹ̀díẹ̀, tí a ń fojú rí, tí a ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò ní egbò. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn yìí bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Wọn kì í gbó, wọn kì í ṣiṣẹ́, wọ́n kàn ń gba àyè mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ ni, àti mọ́ àwọn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́. Ohun tí ará ilé ń rí ni ibà tí kò lọ, ojú tí ó funfun, imú tí ń ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ tí ń rù. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ibà lásán àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè ṣe. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé èdè wa kò fún àrùn yìí ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni a kàn so mọ́ jẹjẹrẹ nígbà tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ti ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́.

Ní ti oògùn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kò wọ́n wa níbẹ̀ rárá. Àgúnmu: a gún un nínú odó, mímu ni a ó sì mu ún. Ìpara: a ó fi para ni. Àjẹsára: jíjẹ ni, kí ó lè dúró sínú ara. Gbẹ́rẹ́ sínsín: abẹ ni a fi ń la awọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kí ẹtù lè bá ẹ̀jẹ̀ pàdé. Orúkọ ti sọ ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Àgbo ni ó ní ọ̀nà méjì, oníṣègùn kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ láìsọ èyí tí ó jẹ́: àgbo mímu nìyí, àgbo wíwẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a fún ní ìpara tí ó wá gbé e mu kò lè sọ pé òun kò gbọ́, nítorí pé orúkọ oògùn náà gan-an ni ìkìlọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ a máa fi irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó fara pamọ́ sínú wọn ju ẹ̀kọ́ gírámà lọ.

Abẹ́rẹ́ ni ó da ètò yìí rú. Nígbà tí oògùn òyìnbó dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi pàdé gbogbo ohun tí ń gba ẹnu abẹ́rẹ́ wọ ara: wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Ìbáà jẹ́ apá ni, ìbáà jẹ́ ìdí, ìbáà jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, gígún ni gbogbo rẹ̀. (Gún ti odó àti gún ti abẹ́rẹ́ bá ara wọn mu ní ohùn, ṣùgbọ́n gún ti odó kò dá dúró nínú àgúnmu, mu tẹ̀lé e.) Abẹ́rẹ́ sì tètè níyì lójú àwọn ènìyàn wa. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ WHO àti UNICEF ń gún àwọn ará ìgbèríko ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì nítorí àrùn yaws. Egbò tí ó ti ba ara ọmọdé jẹ́ fún oṣù púpọ̀ a gbẹ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan péré. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kò ti ní gbà pé a tọ́jú òun bí a kò bá gún òun, tí àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ náà sì ń gbé síríńjì kiri ọjà. Pẹnisílíìnì inú ìdí dárí ji àṣìṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í dárí jini.

Ibi tí àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ burú. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi gáàsì mústádì ja ara wọn lógun; àwọn dókítà tí ó yẹ òkú àwọn tí ó kú wò rí i pé mùdùnmúdùn egungun wọn ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ funfun wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1942, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Louis Goodman àti Alfred Gilman bi ara wọn léèrè pé bí ohun yìí bá ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ni yóò ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ? Wọ́n mú ọmọ ìyá gáàsì náà, wọ́n fún aláìsàn kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kókó tí ó wú lára rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó tún padà wú lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Àṣírí ogun ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ títí di 1946 tí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1948, Sidney Farber ní Boston kéde pé nínú àwọn ọmọ 16 tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe tí òun fi oògùn aminopterin tọ́jú, ara 10 yá fún ìgbà díẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ọmọ tí àrùn yìí bá mú, ikú ni. Nígbà tí ó di 1958, Norbert Brock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti ṣe cyclophosphamide, ọmọ gáàsì mústádì tí a ti tọ́ tí ó fi ṣeé fi sí ara ènìyàn.

Níhìn-ín ni Ìbàdàn wọ inú ìtàn náà. UCH ṣí ní 1957. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Áyálándì tí ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní Yúgáńdà, kọ ìwé nípa ìwúlé kan tí ń yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, tí ń mi eyín wọn, tí ń ti ojú wọn jáde. Ìbàdàn mọ ìwúlé náà. Àwọn ọmọ tí ó ní in ń wá sí UCH. Ibikíbi tí ibà ẹlẹ́fọn bá ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìbátan jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, nítorí pé nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù, tí ó ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ní 1948 nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀, padà wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé oníṣẹ́ abẹ ni Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ni Ngu, àwọn méjèèjì ni ó sì gbé abẹ sílẹ̀ tí wọ́n mú síríńjì. Abẹ kò lè gé ìwúlé náà tán. Cyclophosphamide tí ó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé a máa mú un fọ́n láàrin ọjọ́ díẹ̀. B. O. Ọ̀ṣúnkọ́yà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ìwúlé náà nínú ilé ìdánwò ní Ìbàdàn kí wọ́n lè mọ ìwà rẹ̀.

Ní 1972, wọ́n fún Ngu ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Burkitt, John Ziegler àti àwọn mìíràn, nítorí iṣẹ́ wọn lórí fífi oògùn wo jẹjẹrẹ. Ẹ̀bùn ńlá ni láàrin àwọn oníṣègùn àgbáyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ orúkọ Farber àti Goodman kì í sábà gbọ́ orúkọ Ngu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kì í gbọ́ pé nínú wọ́ọ̀dù Ìbàdàn ni apá kan ẹ̀kọ́ náà ti jáde. Ó tó ohun tí àwọn olùkọ́ lè tún ṣe láìnáwó kankan.

Bí wọ́n ti ń rí ìmúláradá ni wọ́n ń rí àléébù rẹ̀. Ìwúlé ẹ̀rẹ̀kẹ́ a lọ, àrùn a sì sá pamọ́ sínú ọpọlọ àti omi tí ó yí i ká, níbi tí oògùn inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣègùn dá ni pé kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ mìíràn gba àárín eegun ẹ̀yìn wọ inú omi náà, kí wọ́n sì fi methotrexate tàbí cytarabine sí i níbẹ̀ tààrà. Ọgbọ́n tí ó dára ni, ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti di pé aláìsàn kan lè gba abẹ́rẹ́ méjì fún àrùn kan, ọ̀kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kan náà, lórí ibùsùn kan náà.

Ewé kan ni ó sọ èyí di ọ̀ràn ikú. Ní 1952, wọ́n fi ewé òdòdó periwinkle ti Madagásíkà ránṣẹ́ láti Jàmáíkà sí ìdílé Noble ní Kánádà, nítorí pé àwọn ará Jàmáíkà ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ. Robert Noble àti Charles Beer dán an wò. Kò ṣe ohun kan gbòógì fún àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun. Ilé-iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà náà ń yẹ ewé kan náà wò. Láti inú rẹ̀ ni vinblastine ti jáde, vincristine tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí vincristine ní 1963. Òdòdó náà wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, a gbìn ín fún ẹwà ni. Àwọn tí ń fi ewé àti oògùn òyìnbó ṣe ọ̀tá ara wọn ìbá wò ó dáadáa.

Vincristine ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró ní àkókò tí ó fẹ́ pín sí méjì, jẹjẹrẹ kì í sì í lè pọ̀ bí kò bá pín. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àyè rẹ̀. Bí ó bá jò jáde kúrò nínú iṣan bọ́ sínú ẹran ara, ó ń jó o bí iná. Bí ó bá ṣe èèṣì wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú, ikú náà yóò sì máa gòkè lọ títí yóò fi dé ibi tí a fi ń mí. Ìwọ̀nba tí ó yè nínú wọn, arọ ni wọ́n máa ń dà. Láti ọdún 1968 ni àwọn oníṣègùn ti kọ ìròyìn irú ikú bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì tún ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní orílẹ̀-èdè kan tẹ̀ lé òmíràn.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ní sísọ, nítorí pé kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Síríńjì méjì ni ó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Èkíní jẹ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn lóòótọ́. Èkejì jẹ́ vincristine, ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìwé wà lára rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ aláìsàn, wọ́n ka orúkọ oògùn, wọ́n ka ìwọ̀n. Ọ̀nà ni wọn kò kà. Dókítà tí ó mú síríńjì lọ́wọ́ béèrè bóyá inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni vincristine ń lọ. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀gá fún un dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú ní oṣù Kejì. Ohun gbogbo tí ó lè gbà á là wà nínú iyàrá náà: oògùn tí kì í ṣe ayédèrú, dókítà méjì, ìwé tí a tẹ̀ dáadáa, kódà ìbéèrè tí ó tọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní 2007, ní ọdún náà ni WHO sì kéde ìkìlọ̀ fún gbogbo ayé. Wọn kò wulẹ̀ sọ pé kí àwọn ènìyàn máa ṣọ́ra. Wọ́n ní kí a má ṣe fi vincristine sínú síríńjì mọ́; kí a tú u sínú àpò omi kékeré tí a ń fi kọ́, tí ń kán wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò sí oníṣègùn tí yóò rí àpò omi tí yóò rò pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ń lọ. Wọ́n tún ní kí a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ń fún un, àti pé ó ń pani bí ó bá gba ibòmíràn. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ọgbọ́n àwọn tí ó sọ oògùn ní ìpara nìyí: a jẹ́ kí ohun náà fúnra rẹ̀ máa sọ ọ̀nà.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, ogun mìíràn ni a kọ́kọ́ ní láti jà kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó lè kàn wá, ìyẹn ni bóyá ohun tí ó wà nínú ìgò jẹ́ oògùn rárá. Òfin oúnjẹ àti oògùn wà láti 1974, òfin ayédèrú oògùn dé ní 1988, síbẹ̀ ní 1990, ọmọ 109 kú ní Ìbàdàn àti Jọs nítorí pé wọ́n fi májèlé diethylene glycol po omi parasitamọ́ọ̀lù wọn. Òfin 15 ti 1993 ni ó gbé NAFDAC kalẹ̀. Ọdún 2001 ni Dora Akunyili di ọ̀gá àgbà níbẹ̀, ẹni tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní 1988 nítorí ayédèrú abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Wọ́n dáná sun ilé-iṣẹ́ àjọ náà ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà ìlú rẹ̀. Ọta ìbọn gba gèlè rẹ̀ kọjá. A kì í dáná sun ilé ìwé lásán. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ìwé tí ó wà níbẹ̀ ń dí oúnjẹ wọn lọ́wọ́.

Ogun náà kò tíì tán. Ní 2023, WHO kìlọ̀ nípa ayédèrú Adcetris, abẹ́rẹ́ tí a fi ń wo jẹjẹrẹ àwọn kókó ara tí ó jẹ́ ìbátan ti ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, Íńdíà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ayédèrú irú abẹ́rẹ́ báyìí lè tanni jẹ ju ti ibà lọ. Oògùn jẹjẹrẹ tòótọ́ a máa mú ènìyàn bì, a máa mú irun rẹ̀ re. Bí omi lásán bá wà nínú ìgò, aláìsàn kì yóò bì, àwọn ará ilé yóò sì máa dúpẹ́ pé oògùn náà bá a lára mu.

Ojúṣe ará ilé tún wúwo ní ilẹ̀ wa ju ti òkè òkun lọ. Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé ti dojú rú ní àwọn ọdún 1980 ni ó ti di àṣà pé ilé ìwòsàn yóò kọ ìwé, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n aláìsàn yóò sì jáde lọ wá oògùn kiri. Vincristine gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí ó jẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ẹ̀rọ ìwọn-ooru Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Àpò ọ̀rá inú oòrùn Òṣòdì kì í ṣe fìríìjì. Nígbà mìíràn, ìgò nìkan ni wọ́n ń mú dé, páálí rẹ̀ àti ìwé pélébé inú rẹ̀ ti sọnù lọ́nà. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ tí ó wà nínú fáìlì Ìsọlọ̀ sì ti sọnù pẹ̀lú wọn. Àwọn kan bọ́ nínú ìṣòro abẹ́rẹ́ pátápátá: láti 2003 ni ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í yára ń ṣe ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ó jẹ́ oògùn oníhóró, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé gbígbé mì ni. Ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo ni ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé pélébé kan. Bortezomib ni oògùn náà, fún jẹjẹrẹ tí ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun àwọn àgbàlagbà; ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2003. Ìyẹ̀fun mílígíráàmù 3.5 ni ó wà nínú ìgò rẹ̀, omi iyọ̀ ni a ó fi tú u. Bí ó bá jẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a fẹ́ fún un, mílílítà 3.5 ni omi rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ awọ ni, mílílítà 1.4 ni. Ìgò kan náà ni, ìyẹ̀fun kan náà, omi méjì. Ẹni tí ó bá fi omi abẹ́ awọ tú u tí ó sì wọn ún bí ẹni tí ń wọn ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ni ó fún aláìsàn. Wákàtí 72 ó kéré tán ni ó gbọ́dọ̀ wà láàrin abẹ́rẹ́ kan àti èkejì. Ìwé náà sì sọ pé àwọn kan ti kú nígbà tí wọ́n fi í sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n aláìsàn tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò lè wọn omi, kò sì yẹ kí ó wọn ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ orúkọ ọ̀nà, ó lè béèrè pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àbí ti abẹ́ awọ?” Ní Nottingham, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé etí kan ṣoṣo tí ó ti ṣìnà. Bí etí kẹta bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan yàtọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè nìyí. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún àwọn olùkọ́ ní orúkọ tí gbogbo wọn lè lò fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò rí irú àǹfààní náà. Bí a bá ní kí a tẹ̀ lé ọ̀nà àgúnmu àti ìpara, orúkọ mẹ́rin ni abẹ́rẹ́ ń fẹ́: abẹ́rẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ inú ẹran, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ìkẹ́kùn wà nínú wọn. Iṣan nìkan kò tó rárá, nítorí pé a ń lò ó fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, a ń lò ó fún ohun tí ó so ẹran mọ́ egungun, àwọn mìíràn sì ń lò ó fún ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, èyí tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni vincristine ń pa. Ẹni tí ó bá kọ “abẹ́rẹ́ iṣan” sára àpò omi láìfi ẹ̀jẹ̀ kún un ti tún ṣí ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ tì. Abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn náà ní ìṣòro tirẹ̀: àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún mọ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí ń mú ara kú tipiri, wọ́n sì lè rò pé ọ̀kan náà ni. Ó lè jẹ́ “abẹ́rẹ́ omi ọ̀pá ẹ̀yìn” ni yóò ya wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń sọ Yorùbá fún aláìsàn lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kí a tó lọ bá àwọn tí fáìlì wà lọ́wọ́ wọn ní Ìsọlọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí ó wà lára páálí oògùn, ṣùgbọ́n kò ní kí èdè mìíràn má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.